Áljẹ́bírà Nínú Yàrá Ìyá Yasir

Nígbà tí Zulaykha padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí ni pé kò pariwo mọ́. Olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé-ìwé girama kan ní Ekete, nítòsí Warri, gbogbo ọgbà ló sì mọ ohùn rẹ̀. Bí ó bá ń kọ́ àwọn SS2 ní áljẹ́bírà, àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà lẹ́nu géètì á máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ó wọ kíláàsì, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ìlà kan sára pátákó: y = mx + c. Ó yíjú sí wọn. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ohun tó ti ń kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ó kàn rí i pé láti ibi tí òun dúró sí dé ibi tí òun yóò ti ṣàlàyé nǹkan náà tán, ọ̀nà jìn, òun kò sì ní ẹsẹ̀ tí òun yóò fi rìn ín. Àwọn ọmọ ń wò ó. Ẹnì kan wúkọ́. Òjò tó ti ṣú láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páànù.

"Ẹ lọ ṣe nǹkan wá," ló fi Gẹ̀ẹ́sì wí nígbẹ̀yìn.

Festus tó jókòó níwájú ló fèsì. "Wetin we go make, Ma?"

Zulaykha fi Píjìn dá a lóhùn, nítorí Píjìn ni gbogbo kíláàsì ń sọ. Ó ní kí wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan tí áljẹ́bírà wà nínú rẹ̀, ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé, kí wọ́n ṣàlàyé ibi tí x wà nínú rẹ̀ àti ibi tí y wà. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àga, ó ń wo òjò títí agogo fi lù.

Ó ti gbọ́ nípa irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ rí, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìjọba pè wọ́n sí ní Asaba. Nígbà náà, ó fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ta ló ní àkókò láti máa kan pákó nínú kíláàsì ìṣirò? Àwọn tó wá ń yìn ín lẹ́yìn náà rò pé ìfẹ́ iṣẹ́ ló mú un ṣe é. Kì í ṣe ìfẹ́ iṣẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ìyá rẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Yasir, ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Láti Sakí ni òun àti ọkọ rẹ̀, Sàláhúdéènì, ti wá sí Warri láti wá ta abọ́ àti àwo, ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ wọn méjèèjì sí, ibẹ̀ náà ni Sàláhúdéènì kú sí. Yasir, àkọ́bí, gba ìsọ̀ bàbá wọn nínú ọjà. Zulaykha gba ìyá. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí ibùsùn má baà jẹ ẹ́ lára, òun ló ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu ní apá tí ẹnu kò ti wọ́. Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ fẹ́ ẹ láàárín àkókò yẹn. Ó dúró, ó dúró, nígbà tó yá, kò wá mọ́. Zulaykha kò dá a lẹ́bi.

A rí tàìsàn ṣe, a kò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí Zulaykha ṣe gbé ògì wọlé, ìyá náà ti lọ. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó sì pe Yasir lórí fóònù pé kó máa bọ̀. Òun wà lára àwọn obìnrin tó wẹ òkú, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, àwọn ọkùnrin kírun sí i lára, wọ́n sì gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Yasir, ọkùnrin onírùngbọ̀n, sunkún bí ọmọdé. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí sunkún. Zulaykha tẹ́ ẹní, ó bu omi fún àwọn àlejò, ó fọ abọ́ tí wọ́n fi jẹun. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ń dúró de ẹkún bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ kì í yà sí. Wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹkún kò wá. Ó gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún èkejì lẹ́yìn ilé pé, "Ọmọ yìí mà láyà o."

Kì í ṣe àyà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan bi í dáadáa, ì bá sọ pé ó dà bí ẹ̀rìgì lẹ́yìn tí dókítà eyín bá ti gún un lábẹ́rẹ́. O fọwọ́ kàn án, o mọ̀ pé tìrẹ ni, o kò sì mọ nǹkan kan lára.

Àwọn ọmọ náà gba iṣẹ́ yẹn bí ẹní gba ọlidé. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù dé. Patience àti ọ̀wọ́ rẹ̀ fi ìfikọ́ aṣọ ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n so agolo mílíìkì mọ́ apá kìíní àti apá kejì, wọ́n sì di òkúta wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá dúdú tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú: iye òkúta inú ọ̀rá ni x. Festus àti àwọn tirẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì ńlá kan wá, wọ́n lu ihò sí i nísàlẹ̀, wọ́n sì fi rọ́bà tín-ín-rín sí i. Wọ́n fẹ́ wo bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì yà á sórí gíráàfù. Ẹ̀bùn, ọmọ apẹja Ìlàjẹ kan tó ń gbé létí odò, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Òun nìkan ló dá ṣe tirẹ̀. Ó gbé pákó pẹrẹsẹ kan wá, ó kan ìṣó sí i lóòró àti ní ìbú, ó sì ń fi òwú tí bàbá rẹ̀ fi ń tún àwọ̀n ṣe fa ìlà láti ìṣó dé ìṣó.

Ibi tí wọn yóò kó wọn sí ni kò sí. Yàrá ẹrù ilé-ìwé ń jò. Òjò alẹ́ ọjọ́ kan ti ba gíráàfù Festus jẹ́, ó sì ti mú pákó Ẹ̀bùn wú.

"Ẹ kó wọn lọ sílé mi," ni Zulaykha wí. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé-ìwé.

Yàrá kan ṣoṣo ló ṣófo níbẹ̀. Ó ṣí i fún wọn. Ibùsùn ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti ká ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ wọlé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì sórí ìjókòó, wọ́n fi pákó ti ògiri, wọ́n so òṣùwọ̀n mọ́ irin fèrèsé. Wọ́n ń pariwo. Zulaykha dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí nǹkan kan gún òun láyà. Kò sí nǹkan tó gún un. Ó lọ wá tọ́wẹ̀lì fún wọn láti nu ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà lọ, lẹ́yìn ilé-ìwé, wọ́n á yà síbẹ̀ ní méjì mẹ́ta. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Zulaykha ń ṣa ìrẹsì nínú ilé ìdáná nígbà tí Festus wá dúró tì í pẹ̀lú ìwé gíráàfù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ma, e no gree straight."

Zulaykha gba ìwé náà. Lóòótọ́, àwọn àmì tí ọmọ náà fi sí i kò tò lórí ìlà títọ́. Wọ́n ń yára sọ̀ níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá, wọ́n ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè tó wá dé pẹ̀tẹ́lẹ̀. Festus ní àwọn ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ló ń rí. Ó ní bóyá kí àwọn sún àwọn àmì náà díẹ̀, kí ó lè tọ́ bí èyí tó wà nínú ìwé. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Omi yẹn ni o wò?" ni Zulaykha fi Píjìn bi í.

"Yes, Ma."

"Kọ ohun tí o rí." Yorùbá ló bọ́ sí i lẹ́nu láìmọ̀. Ọmọ Urhobo ni Festus, kò yé e. Zulaykha tún un sọ: "Wetin you see, na im you go write."

Ọmọ náà lọ. Zulaykha padà sídìí ìrẹsì rẹ̀, ó ṣa òkúta kan jáde, ó ṣa òmíràn.

Lọ́jọ́ Sátidé, Yasir dé. Òjò ti wọ ìsọ̀ rẹ̀ nínú ọjà, ó sì ń wá ibi tí yóò kó àwọn báàfù àti abọ́ oníke rẹ̀ sí. Ó lọ tààrà sí yàrá ìyá wọn, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì dúró.

"Zulay, kí lèyí?"

"Iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Nínú yàrá Ìyá?" Ó fi ìka kan òṣùwọ̀n ojú fèrèsé, agolo méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jì. "A kò tíì ṣe ogójì wọn. Kẹ́ẹ̀gì, ìṣó, ẹrẹ̀. Ṣé ibi tí wọ́n kú sí lo sọ di kíláàsì?"

"Òjò ń pa ẹrù wọn nílé-ìwé. Ẹ̀yin náà, ṣé kì í ṣe báàfù lẹ fẹ́ kó síbẹ̀?"

Yasir jókòó sí eteetí ibùsùn, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi sọ fún mi pé o kò tíì sunkún."

"Òótọ́ ló sọ."

"Ìwọ tí o tọ́jú wọn. Ìwọ gan-an."

"Mo ń dúró dè é, Ẹ̀gbọ́n mi. Kò wá. Ṣé kí n fi ata sójú ni?"

Bí Yasir ti ń wò ó, omi tún ti ń gbára jọ sójú òun fúnra rẹ̀, ó sì fi fìlà nù ún. Ó ní kò sí wàhálà, òun yóò kó ẹrù òun sílé àna òun títí àwọn ọmọ náà yóò fi parí. Zulaykha sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Inú rẹ̀ ì bá dùn pé ẹ̀gbọ́n òun gbọ́ òun yé. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí inú òun dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànmí, ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Ìlàjẹ ni, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó máa ń fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ bí kò bá sí ẹlòmíràn nítòsí.

"Ẹ jókòó, Tíṣà. Mo kí yín kú ara fẹ́ra kù o. Òbí kan wá síbí. Ó ní ọmọ òun ń kó okùn àti ìṣó kiri, ó ní iṣẹ́ ìṣirò ni. Ó bi mí pé ṣé iṣẹ́ káfíńtà la fi ń ṣe ìdánwò àṣejáde ni."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá."

"Kì í ṣe pé mo kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fihàn lọ́jọ́ Jímọ̀, kí èmi náà wá, kí òbí tó bá fẹ́ wá. Bí wọ́n bá lè ṣàlàyé ìṣirò inú rẹ̀, kò burú. Bí wọn kò bá lè ṣàlàyé, a ó padà sídìí pátákó. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn, Ọ̀gá."

Olúsànmí ń wò ó bí ẹni pé ó ń retí kí ó jà. Tẹ́lẹ̀, Zulaykha ì bá jà.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Wọ́n to àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kíláàsì, àwọn ìyá àti bàbá bíi mélòó kan jókòó. Patience ló kọ́kọ́ jáde. Ó fi ọ̀rá dúdú méjì àti òkúta mẹ́ta sínú agolo òsì, ó fi òkúta mọ́kànlá sí ti ọ̀tún, òṣùwọ̀n dúró gbọnin. Ó yọ mẹ́ta ní òsì, ó yọ mẹ́ta ní ọ̀tún, kò mì. Ó yọ ọ̀rá kan, ó yọ ìdajì òkúta tó kù ní ọ̀tún, kò mì. Ó tú ọ̀rá tó ṣẹ́kù: òkúta mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ó ní ohun tí o bá ṣe fún apá kan, àfi kí o ṣe é fún èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa dojú dé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Festus. Ó gbé gíráàfù rẹ̀ sókè, ìlà rẹ̀ sì tẹ̀ bí apá agbọ̀n.

"Mo rò pé ìlà títọ́ lẹ ń kọ́," ni Olúsànmí wí ní Gẹ̀ẹ́sì. "Kí ló dé tí tìrẹ wọ́?"

Festus wo Zulaykha. Zulaykha kò ṣẹ́ ojú.

"Sir, na wetin we see be that," ni ọmọ náà wí. Ó gbé ìka sórí kẹ́ẹ̀gì. "When e full, e dey rush. When e don dey finish, e dey tire." Ó ṣàlàyé pé omi tó wà lókè ló ń ti ti ìsàlẹ̀ jáde. Bí ti òkè bá ti ń dínkù, títì náà ń dínkù, nítorí náà ohun tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kìíní kọ́ ló ń jáde ní ìṣẹ́jú kẹwàá. Ìlà títọ́ kò lè gba nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn kò tíì mọ èyí tó lè gbà á.

Olúsànmí yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ ó kọ́ ọ ní kíláàsì tó ń bọ̀," ló wí, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ìyá Festus dìde, ó pàtẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé. Ìyókù bá a pàtẹ́wọ́. Létí Zulaykha, ó dà bí òjò tó ń rọ̀ sórí ilé ẹlòmíràn.

Ẹ̀bùn ló kẹ́yìn. Nígbà tó kọ ojú pákó rẹ̀ sí wọn, gbogbo wọn na ọrùn láti wò ó. Gbogbo òwú tó fà ló tọ́, kò sí èyí tó tẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n pọ̀ tán, ohun tí ojú ń rí ni ìlà títẹ̀ kan tó rọra yípo bí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. "Ó mà rẹwà o," ni obìnrin kan wí. Olúsànmí fi bírò tọ́ka sí òwú kan, ó ní kí Ẹ̀bùn sọ ìṣirò rẹ̀ fún wọn, kí ni y, kí ni x. Ẹ̀bùn wo òwú náà. Ó ti kan ìṣó, ó ti fa òwú, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n áljẹ́bírà inú rẹ̀ kò tíì yé e. Ó gbé pákó náà mọ́ àyà, ó padà lọ jókòó.

Olúsànmí sọ fún Zulaykha lẹ́yìn náà pé ìdajì dára, ìdajì kò dára. Kí ó máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa rí i dájú pé ẹni tó ṣe nǹkan mọ ohun tó ṣe. Zulaykha ní ó dára bẹ́ẹ̀. Òdodo ọ̀rọ̀ ni, kò dùn ún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tó kù ti kó ẹrù wọn lọ. Ẹ̀bùn nìkan ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá ìyá Zulaykha, ó ń fi èékánná tú òwú àkọ́kọ́.

"Má tú u," ni Zulaykha wí. Ó jókòó tì í. Ó mú ìka ọmọ náà, ó gbé e lé orí òwú kan. "Níbo ló ti gbéra?"

"For seven."

"Ìṣó keje lóòró. Níbo ló balẹ̀ sí?"

"Four."

"Nígbà tó fi mẹ́rin rìn síwájú, mélòó ló fi sọ̀kalẹ̀?"

Ẹ̀bùn ronú. Ìka rẹ̀ ń tẹ̀lé òwú lọ, ó ń bọ̀. "Seven."

"Méje lórí mẹ́rin, m nìyẹn. Kí ló dé tí a ó fi àmì àyọkúrò síwájú rẹ̀?"

"Because e dey go down."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti òwú dé òwú. Ní ìkẹfà, Ẹ̀bùn ti ń sọ ọ́ kí Zulaykha tó béèrè. Ó gbójú sókè lójijì, ó wo yàrá yíká, ojú rẹ̀ balẹ̀ sórí ibùsùn.

"Ma, who dey sleep there?"

"Ìyá mi," ni Zulaykha wí. "Wọ́n ti kú."

Kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí. Ẹlòmíràn ló máa ń sọ ọ́, òun á kàn mi orí. Ó ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ọ̀rọ̀ méjì ni, wọ́n jáde, wọ́n sì wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ kò tutù.

Ẹ̀bùn, tí kì í fi Yorùbá dá ẹnikẹ́ni lóhùn, wo ilẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà," ló wí.

"O ṣé. Òwú keje ńkọ́?"

Nígbà tí èsì ìdánwò òpin táàmù jáde, ó sàn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bùn yege, kò ga, kò relẹ̀. Àwọn kan tún fìdí rẹmi, títí kan ọmọkùnrin kan nínú ọ̀wọ́ Patience. Yasir kó báàfù rẹ̀ wá sí yàrá náà, wọ́n sì fún opó àgbàlagbà kan lójúlé kejì ní ibùsùn náà. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí kò sọ̀rọ̀ ẹkún mọ́, wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Olúsànmí ni kò gbàgbé. Ó fi orúkọ Zulaykha ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, wọ́n sì ní kí ó wá bá àwọn olùkọ́ ìṣirò tó kù sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé kan ní Otor-Udu. Ó lọ. Wọ́n bi í bí ọgbọ́n náà ṣe wá sí i lọ́kàn. Ó sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ kò fẹ́ jáde lẹ́nu òun lọ́jọ́ kan, òun sì ní kí àwọn ọmọ lọ ṣe nǹkan wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó fi òṣùwọ̀n hàn wọ́n, ó sọ ti ìlà omi tí kò tọ́ fún wọn, ó sì sọ ti ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ̀.

Nígbà tó ń bọ̀ wálé, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó wọ̀ há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Obìnrin kan ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà, èéfín rẹ̀ ń fẹ́ bọ̀. Zulaykha kò mọ ohun tó mú un na ọwọ́ jáde. Ó ra ọ̀kan, àti èso úbe méjì tí wọ́n máa ń fi jẹ àgbàdo. Obìnrin náà fi ìwé ìròyìn wé e, ṣùgbọ́n ìwé náà fẹ́lẹ́.

"Yéè!" ni Zulaykha ké. Ó ju àgbàdo náà láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, láti òsì sí ọ̀tún. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti ta á lára bẹ́ẹ̀.

"Sorry o, Madam," ni ọlọ́kẹ̀kẹ́ wí, ó ń wò ó nínú dígí. "E hot?"

"Ó gbóná," ni Zulaykha wí. "E hot well well."

Ó fẹ́ ẹ, ó gé e jẹ. Ọkọ̀ iwájú sún díẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì tẹ̀lé e.